Ẹni Tó Ń Jẹgba Ọmọ Ọba

Gbogbo ẹni tó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́dìn àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn àdúgbò Ajamimogha, ní Warri, láyé ìgbà tí owó epo ń ya wọ̀lú, ló mọ Mojọlá. Òun ni mẹ́tírọ̀nù ibẹ̀. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, ó pupa, gèlè kì í ṣí lórí rẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rù rẹ̀ ju pírínsípà lọ. Bí kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ bá ti ń dún bọ̀, ẹni tó ń sùn lójú ọ̀sán á fò dìde, ẹni tó fi gààrí há ẹnu á gbé e mì tòun ti omi ojú. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ kan bá gbóná, orí bẹ́ẹ̀dì Mojọlá fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà yóò sùn, Mojọlá á sì wà lórí ẹní.

Ohun tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé òun náà ti gbé ilé onílé rí. Ó kéré púpọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ ìyàwó oníṣòwò aṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ni yóò máa lọ. Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn tó bá ti fọ aṣọ ọmọ onílé tán, tó ti di irun rẹ̀, tó ti ru àpótí ìwé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ẹgbẹ́ ni òun àti ọmọ náà. Bí ọmọ náà bá bínú, Mojọlá ni yóò kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà ló jẹ̀bi. Ọjọ́ tí Mojọlá kẹ́rù kúrò nílé yẹn, ó búra lójú títì pé orúnkún òun kò tún ní kanlẹ̀ níwájú ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó dàgbà, ó fẹ́ Wọlé, akọ̀wé ilé iṣẹ́ gẹdú kan, tó mú un wá sí Warri. Wọn ò tíì bímọ tí ibà fi pa Wọlé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló bá a wá iṣẹ́ bọ́dìn, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bá iṣẹ́ náà wá. Ó gbin ata àti ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ra rédíò, ó sì gbà pé ibẹ̀ lòun máa gbó sí. Kò ní ilé mìíràn. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ti gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Nígbà tí owó epo dé, ojú Mojọlá rí nǹkan. Tẹ́lẹ̀ rí, bí èèyàn bá dárúkọ bọ́dìn fún àwọn ọba etí odò, wọ́n á ní ta ni yóò gbé ọmọ ọba lọ sùn láàárín ọmọ tálákà. Ní báyìí tí àwọn kọ́ńgílá ti ń rán ọmọ tiwọn lọ, ààfin kò fẹ́ gbẹ́yìn mọ́. Wọ́n á fi mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ mẹ́ta gbé ọmọ kan ṣoṣo dé. Wọ́n á já tìmùtìmù, wọ́n á já páálí Máílò, wọ́n á já bisikíìtì tó tó kí èèyàn fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Deco Road. Ọba kan ní kí wọ́n máa se omi tí ọmọ òun yóò fi wẹ̀. Òmíràn fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ òun bí iná bá lọ.

Gbogbo rẹ̀ ń rí Mojọlá lára. Ó máa ń sọ fún Sìkírátù, olórí àwọn tó ń se oúnjẹ, pé ààfin tí wọn kò tíì fa iná dé ló ń bínú yìí pé fáànù họ́sítẹ́ẹ̀lì kò yí dáadáa. Sìkírátù á rẹ́rìn-ín títí ara rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Mojọlá kì í bá a rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó panilẹ́rìn-ín nínú kí wọ́n máa kọ́ ọmọ láti kékeré pé ara òun yàtọ̀ sí ara èèyàn.

Lọ́dún 1978 ni wọ́n mú Yínká dé. Ọmọ ọba Òde-Ìjùwó ni, ìlú Ìlàjẹ kan létí òkun tí àwọn elépo ń san owó ilẹ̀ fún. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó rẹwà, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọlóyè Akínrẹ̀mí ló mú un wá. Ọlóyè yìí ni ojú ọba ní Warri. Ajamimogha ló ń gbé, iyanrìn ló ń kó fún àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ irin ní Aladja, òun ló sì ra jẹnẹrétọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà, tí pírínsípà kì í yé dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà àárọ̀.

Ọmọbìnrin mìíràn bá wọn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Mary, ọmọ apẹja kan tó ń jẹ́ Obadiah. Ó fi nǹkan bí ọdún méjì ju Yínká lọ, síbẹ̀ kíláàsì kan náà ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí, bẹ́ẹ̀dì wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọlóyè ní ààfin ló ń sanwó àwọn méjèèjì, nítorí pé ọba kò fẹ́ kí ọmọ òun máa dá wà. Inú Mojọlá dùn. Ó rò ó lọ́kàn pé ọba kan rèé tó láàánú, tó ń rán ọmọ apẹja níwèé. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ohun rere tí ojú rẹ̀ rí lọ́sẹ̀ náà.

Yàrá ìjẹun ni inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ yí. Ọjọ́ ẹja ni. Gbogbo ọmọ ti jókòó, ariwo ṣíbí ti sọ, nígbà tí Mojọlá rí i pé Mary dìde lọ dúró sẹ́yìn Yínká. Abọ́ tirẹ̀ wà lórí tábìlì, kò tíì fọwọ́ kàn án. Mary na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ ọba. Yínká bu ẹja sẹ́nu, ó fi ahọ́n wá eegun, ó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ náà láìwẹ̀yìn, bí ẹni pé àwo ló wà níbẹ̀. Ó tún bù, ó tún tu. Itọ́ ń ṣàn gba àárín ìka Mary lọ sí ọrùn ọwọ́. Nígbà tí Yínká jẹun tán, Mary da eegun náà nù, ó nu ọwọ́ kan náà sára yẹ̀rì rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tó ti tutù. Àwọn tó wà nídìí tábìlì kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára. Èébì gbé Mojọlá. Kò lè jẹ ẹja lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Mary ló ń pọnmi wọn, Mary ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, Mary ló ń fọ aṣọ wọn, títí kan èyí tó yẹ kí olúkúlùkù ọmọbìnrin máa fọ fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó máa ń rí i nídìí ẹ̀rọ omi, tó ń fi ọṣẹ bó o, tó ń bó o, tí omi pupa ń ti ọwọ́ rẹ̀ ṣàn sí gọ́tà, Yínká á sì jókòó sórí òkúta nítòsí, á máa ka ìwé ìtàn. Mojọlá pe Yínká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ọmọbìnrin ti di àgbà, ó ní ohun tí kò yẹ kó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Yes, Ma," ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Kò yí nǹkan kan padà.

Èyí tó burú jù ni ti ẹgba. Ọ̀gbẹ́ni Sàláhúdéènì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan, ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Mojọlá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ọkùnrin náà pe Yínká jáde nítorí pé kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe. Orúkọ Yínká ló pè, Mary ló dìde. Ó bọ́ síwájú, ó dojú kọ ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọkùnrin náà sì nà án ní ẹgba tó yẹ kó na Yínká. Yínká ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó bínú. Mary padà lọ jókòó, olùkọ́ sì ń bá ìṣirò rẹ̀ lọ.

Mojọlá dúró dè é títí kíláàsì fi tú. Ojú kò ti Sàláhúdéènì rárá. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù pé Ọlóyè Akínrẹ̀mí ti wá rí àwọn olùkọ́, pé wọn kì í na ọmọ ọba ní Òde-Ìjùwó, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbé ẹrù. Ìdílé kan wà létí odò tó jẹ́ pé àwọn ló ń bá ọmọ ọba dàgbà. Bí ọmọ ọba bá ṣẹ̀, ọmọ ìdílé yẹn ni wọ́n ń nà. Ó ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀ sáà ti jẹ ẹnì kan, kí ni tòun níbẹ̀ mọ́. Mojọlá bi í bóyá ó bímọ. Ó ní òun bí mẹ́rin. Mojọlá wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì kọjá lọ, nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣeé sọ níbi tí àwọn ọmọ wà.

Ó pe Mary wá sí yàrá rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ti Ìlàjẹ ilé wọn àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní bọ́dìn náà, Pidgin ló fi ń dáhùn. Mojọlá ní kó ṣí ẹ̀yìn bùláòsì rẹ̀. Ojú ẹgba wà níbẹ̀, ti tuntun lórí ti àtijọ́. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti yi, wọ́n ti dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ. Mojọlá bi í pé ta ló kó o sínú irú nǹkan báyìí.

"Nobody, Ma," Mary dá a lóhùn. "Na so dem dey do am for our place. If dem flog am, na my papa dem go hold. I dey manage."

Ó sọ ọ́ láìsunkún, ohun tó sì dun Mojọlá jù nìyẹn. Ó fi àdí pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún un ní búrẹ́dì, ó ní kó máa lọ. Ó kórìíra àwọn aláàfin, ó kórìíra Sàláhúdéènì, ó kórìíra pírínsípà tó mọ̀ tó sì dákẹ́ nítorí jẹnẹrétọ̀. Ó wò ó pé nínú gbogbo ọgbà yẹn, òun nìkan ni ara òun kò gbà á.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń yẹ yàrá wò ni ọ̀rọ̀ náà bú gbàmù. Yínká kì í lọ sí ṣáláńgá. Ó ní póò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, olódòdó, tó ní ìdérí, Mary ló sì máa ń gbé e lọ dà nù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, Mary kò sì tíì dé. Òórùn póò náà pàdé Mojọlá lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí i pé póò ti kún dé etí, ìdérí kò lè bò ó mọ́. Ó ní kí Yínká gbé e lọ dà nù.

Yínká ní Mary ń bọ̀. Mojọlá ní òun kò pe Mary. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ àfojúdi, ó kàn ń wo Mojọlá bí ẹni pé èdè tí kò yé e ló ń sọ. Mary sáré wọlé, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbé e, Mojọlá sì na apá dí i lọ́nà. Ó ní bí Mary bá fọwọ́ kàn án, àwọn méjèèjì lòun máa lé padà sílé.

Yínká gbé póò rẹ̀. Kò gbé ohun tó kún rí láyé rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń sáré nítorí ó fẹ́ kó tètè tán. Ṣáláńgá wà ní òdìkejì pápá. Kó tó dé àárín pápá, ó ti dà sí i láyà, ó ti dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ti wọ inú bàtà rẹ̀. Àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé. Ẹnì kan ké láti òkè pé, "Princess don carry shit," ẹ̀rín sì bú jáde ní gbogbo ilé. Yínká ń sunkún láìlè nu ojú, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Mary dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojọlá, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó yẹ kí Mojọlá kíyè sí i, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò tọ́jọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mẹ̀sí Ọlóyè Akínrẹ̀mí ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pírínsípà. Ọ̀rọ̀ ti dé Òde-Ìjùwó pé wọ́n fi ọmọ ọba kó ìgbẹ́ lójú ogunlọ́gọ̀. Ọba ní kí wọ́n kó ọmọ òun kúrò níbẹ̀, Ọlóyè ló bẹ̀ ẹ́ pé kó mú sùúrù. Lójú tiwọn, ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀. Kí mẹ́tírọ̀nù wá síwájú ọmọ náà, kó kúnlẹ̀, kó bẹ̀ ẹ́. Pírínsípà, obìnrin Benin kan tó kàwé dé ìlú òyìnbó, pe Mojọlá, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Bí ó bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá kúnlẹ̀, kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó sì kó ẹrù kúrò nínú yàrá méjì yẹn.

Mojọlá bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún Mary nínú ọgbà tirẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í to pẹ́ẹ̀nì orí tábìlì rẹ̀. Ó ní àṣà wọn ni, ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í dá sí àṣà oníkálukú. Mojọlá wo pẹ́ẹ̀nì tó ń tò, ó wo ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ṣe é bíi kó tutọ́ sílẹ̀. Ó ní kó fún òun di ọ̀la.

Ó padà sí yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó ń tu eegun sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́? Kò ní í ṣe é. Sìkírátù wá bá a, ó ní kó ṣe bí ẹni tó kúnlẹ̀, kó kàn tẹ̀ díẹ̀ kó dìde, ta ló ń wo orúnkún. Mojọlá ní òun ń wo orúnkún. Sìkírátù bá a ká aṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Obadiah dé, bàbá Mary. Ọkọ̀ ojú omi ló wà wá, ó gbé ẹja gbígbẹ dání, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mojọlá ní ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jù ú lọ. Mojọlá rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Ó ti ń ronú bí òun yóò ṣe gbà á nímọ̀ràn pé kó mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Obadiah kò wá dúpẹ́. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó kúnlẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ààfin yóò mú Yínká lọ sílùú òyìnbó, wọn kò sì ní mú Mary dání. Ìdí ààrò ẹja ni yóò padà sí.

Inú bí Mojọlá sí i ju bó ṣe bí i sí ọba lọ. Ó bi í pé irú bàbá wo nìyí, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ń na ọmọ rẹ̀ bí ẹran, pé wọ́n ń tutọ́ sí i lọ́wọ́.

"Mo mọ̀, màmá," ni Obadiah wí. "Èmi ni mo jẹgba ti ọba fúnra rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí síkúù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti nà mí tán, ìta ni mo máa ń jókòó sí. Mary ń jókòó sínú kíláàsì."

Ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní Mary fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹgba náà ní òpin, bí ọmọ náà bá ti kàwé tán, kò sí ẹni tó máa lè nà án mọ́, àwọn ọmọ tó bá sì bí, ààfin ò ní í mọ ilé wọn. Ó gbé ẹja rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ. Mojọlá kó ẹja náà fún Sìkírátù. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń rùn sí i nímú. Wọ́n ti di òun àti Mary pọ̀ mọ́ra dáadáa. Bí ó bá dúró gírí, orí Mary ló máa wó lé. Bí ó bá kúnlẹ̀, òun náà ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi báàgì kọ́ apá, ó lọ sí ọ́fíìsì. Kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe. Ọlóyè Akínrẹ̀mí jókòó sórí àga gẹ̀rẹ̀jẹ̀, agbádá rẹ̀ gba ti ẹni méjì. Yínká jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù tó mọ́ tónítóní, Mary sì dúró sẹ́yìn àga. Yínká kò gbójú sókè, bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Mojọlá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ọmọdé ni, tí àwọn àgbàlagbà bà jẹ́, ìyẹn náà sì tún rí i lára.

Ọlóyè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, ará Ìjẹ̀bú ni mẹ́tírọ̀nù, kò lè mọ èèwọ̀ ilé wọn, kó ṣáà ti kúnlẹ̀ kó sọ pé òun bẹ̀bẹ̀, kí kálukú lọ jẹun. Pírínsípà ní, "Matron, abeg, just bend small, make this matter end."

Mojọlá gbìyànjú. Kò sí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ó ronú kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ronú kan ààrò ẹja, ó sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó tẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kọ̀ fún un. Ó tún ronú kàn án. Ó wo Yínká, ó rántí eegun ẹja, èébì sì tún gbé e.

"Ẹ bínú bí ẹ ṣe fẹ́," ó wí. "Mi ò lè kúnlẹ̀ fún ọmọ yìí."

Ọlóyè bẹ̀rẹ̀ sí í kó agbádá rẹ̀ jọ láti dìde. Ìgbà náà ni Mary kúrò lẹ́yìn àga. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojọlá, ó kúnlẹ̀ síbi tó yẹ kí Mojọlá kúnlẹ̀ sí, ó pa ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀, èyí tí kì í sọ.

"Ọmọọba, ẹ má bínú. Mẹ́tírọ̀nù ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín."

Mojọlá kò rán an níṣẹ́ kankan. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá mọ̀ pé kò rán an. Ṣùgbọ́n Ọlóyè padà jókòó, ojú rẹ̀ tú ká. Kò sí ohun àjèjì lójú rẹ̀ nínú kí Mary kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó bi Yínká bóyá ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Yínká wo Mary lórí ìkúnlẹ̀, ó wo Mojọlá. Ó ní òun ti gbọ́, kí mẹ́tírọ̀nù má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Pírínsípà mí kanlẹ̀. Ọlóyè dìde, ó bọ Mojọlá lọ́wọ́, ó ní àwọn dúpẹ́ pé ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, òun á sì sọ fún ọba pé obìnrin dáadáa ni.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ pé òun kò bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n gbé ọmọ yìí dìde nílẹ̀. Àmọ́ yàrá méjì náà wá sí i lọ́kàn. Ó rò ó pé Mary yóò máa lọ síléèwé rẹ̀, òun yóò wà nídìí iṣẹ́ òun, orúnkún òun kò sì kanlẹ̀. Ó rò ó pé kò sí ohun tó bàjẹ́.

"Ẹ ṣé, sà," ni Mojọlá wí.

Mẹ̀sí Ọlóyè gbéra, Yínká sì ti lọ sí kíláàsì. Mojọlá jáde sínú oòrùn. Mary dìde, ó gbọn eruku nù kúrò lórúnkún, ó sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Mojọlá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ èwo ni kóun kọ́kọ́ ṣe. Ìríra tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá, tó ń dà á lé ààfin lórí, tó ń dà á lé olùkọ́ àti pírínsípà lórí, wà láyà rẹ̀ síbẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò dà á lé mọ́. Mary ti bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Make I carry your bag, Ma," ó wí.

Kí Mojọlá tó ronú sí i, báàgì náà ti wà lórí Mary, ọmọ náà sì ti ṣíwájú. Kò já a gbà. Mojọlá fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ lápá fún un.